Ta Ni Yóò Tún Un Ṣe? Drone Kékeré fún Ọmọ Ogun Orí Ilẹ̀ àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Ìkẹjà àti Agége

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí àwọn ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní drone, àti ìwúlò wọn fún ọmọ ogun tó ń fẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀. Kì í ṣe èyí tó ń ju bọ́ǹbù ni mo ń sọ. Èyí tó ń wò ni: èyí tí sójà lè kó sínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀, kó gbé e sókè, kó fi rí ohun tó wà lẹ́yìn igbó kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó débẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Drone kékeré kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú bí a ti mọ ọkọ̀ òfuurufú sí. Ohun ìlò tó ń tán ni, bí ọta ìbọn ti ń tán. Orílẹ̀-èdè tó bá rà á láìní ẹni tí yóò máa tún un ṣe, tí yóò sì máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kò tíì ní in. Nítorí náà ni mo fi gbà pé ogun tí a ń bá àwọn agbésùnmọ̀mí jà ní Borno, tó dà bí ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn létí ará Èkó, kan òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà, kan Ògbà, kan Oko-Ọba ní Agége, ó sì kan ọjà kọ̀ǹpútà Òtígbà ju bí a ti ń rò lọ.

Iṣẹ́ amí kì í ṣe nǹkan tuntun ní ilẹ̀ wa. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí ibùdó rẹ̀ kò sì tú ká pátápátá títí di 1893, balógun tó mọṣẹ́ kò jẹ́ kó ogun lọ síbi tí kò tíì rán ẹnìkan lọ wò. Ohun tó wọ́n nínú iṣẹ́ náà ni ẹ̀mí ẹni tí a rán: bí ọwọ́ ọ̀tá bá tẹ̀ ẹ́, ìròyìn kò dé, ènìyàn sì ti lọ. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọkọ̀ òfuurufú ṣe amí ogun. Ní Libya ni, ní oṣù kẹwàá ọdún 1911, nígbà tí Carlo Piazza ará Ítálì fò kọjá lórí àwọn ọmọ ogun Turkey kó lè mọ ibi tí wọ́n pàgọ́ sí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ará Ítálì mìíràn, Giulio Gavotti, ju bọ́ǹbù láti inú ọkọ̀ tirẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: wíwò ló ṣáájú, pípa kò sì pẹ́ kó tó tẹ̀ lé e. Màá padà síbẹ̀ kí n tó jókòó.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn ọ̀gágun nìkan ló ni ojú òfuurufú. Ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì ló ń rí fọ́tò; sájẹ́ńtì tó ń ṣáájú ọmọ ogun mẹ́wàá nínú igbó kì í rí ju ibi tí ojú ara rẹ̀ mọ lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ náà kéré tán ni nǹkan yí padà. Raven, tí ilé iṣẹ́ AeroVironment ní Amẹ́ríkà ṣe, kò tó kílò méjì. Apá rẹ̀ láti ìkangun kan dé ìkejì jẹ́ mítà 1.4, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú sókè, ó sì lè fò jìnnà tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá sí ẹni tó ń darí rẹ̀. Bó bá balẹ̀, ńṣe ló máa ń tú sí wẹ́wẹ́. Bí wọ́n ti ṣe é nìyẹn, kí ilẹ̀ má baà fọ́ ọ, sójà á sì tò ó padà. Àwọn ará Norway ṣe èyí tó kéré jùyẹn lọ, Black Hornet, tí àtẹ́lẹwọ́ gbà, tí ìwọ̀n ti àkọ́kọ́ rẹ̀ kò sì tó ogún gíráàmù. Àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó lò ó ní Afghanistan láti yọjú wo ẹ̀yìn ògiri. Ìròyìn irú nǹkan báyìí kò ṣàjèjì sí Áfíríkà pẹ̀lú: ní 2011, Amẹ́ríkà fi àwọn drone kékeré kún ẹrù ogun tó fún Uganda àti Burundi, nítorí ọmọ ogun wọn tó ń jà ní Mogadishu kò rí ohun tó wà ní òpópónà kejì.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, torí ibẹ̀ ni àwíjàre mi dúró lé. Èyí tó ní apá bíi ti ọkọ̀ òfuurufú ńlá máa ń lọ jìnnà, kì í sì í tètè jẹ bátìrì tán, ṣùgbọ́n kò lè dúró sójú kan. Èyí tó ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin, irú tí wọ́n fi ń ya fídíò níbi ìgbéyàwó, lè dúró gbagidi lókè kó máa wo ilé kan ṣoṣo, àmọ́ bátìrì rẹ̀ kì í pé wákàtí kan. Mavic 3 tí ilé iṣẹ́ DJI ti ìlú Shenzhen gbé jáde ní oṣù kọkànlá 2021 kò tó kílò kan. Ìṣẹ́jú 46 ni ilé iṣẹ́ náà sọ pé ó lè lò lókè bí atẹ́gùn kò bá sí. Níbi tí atẹ́gùn wà, àkókò náà yóò dín. Kámẹ́rà tó ń rí ooru ara ni ọba nínú wọn lóru, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án gangan, nígbà tí iyanrìn Borno bá gbóná tó ara ènìyàn, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ẹni tó sùn yàtọ̀ sí ilẹ̀ tó sùn lé. Ọyẹ́ a máa gbé eruku wọ inú mọ́tò. Oòrùn a máa jẹ bátìrì láti inú, débi pé èyí tó ń lo ìdajì wákàtí nígbà tó jẹ́ tuntun kò ní lò tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Rédíò tó so ó mọ́ ẹni tó ń darí rẹ̀ a máa já bí igi tàbí òkè bá dí i, tàbí bí ọ̀tá bá ń da ariwo sójú afẹ́fẹ́. Gbogbo ìwọ̀nyí ló túmọ̀ sí nǹkan kan náà: yóò bàjẹ́, yóò sọnù, yóò já lulẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé sójà kò mọ̀ ọ́n lò.

Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe? Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 2018, àwọn agbésùnmọ̀mí ya wọ ibùdó àwọn ọmọ ogun 157 Task Force Battalion ní Metele, lápá ibodè Adágún Chad. Ní oṣù kẹta 2020, wọ́n lúgọ de ọ̀wọ́ ọkọ̀ sójà nítòsí Gorgi ní ìpínlẹ̀ Borno, sójà tó kú níbẹ̀ lé ní ogójì. N kò sọ pé drone kan ì bá gba gbogbo wọn là. Ogun kì í ní okùnfà kan ṣoṣo, ìbọn tí kò tó àti ìrànlọ́wọ́ tí kò tètè dé náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà igbó kọjá nílò ẹni tí yóò wo kìlómítà méjì iwájú kí táyà tó débẹ̀, ibùdó tó wà ní aginjù sì nílò ojú tí yóò rí ọkọ̀ akóyọyọ ogún tó ń kóra jọ ní ìdájí. Kò sí ọ̀gágun kankan ní Àbújá tó lè bá wọn wò ó lójoojúmọ́. Drone ńlá tó ń gbéra láti pápákọ̀ kì í pọ̀ tó, ohun tó bá sì jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, iwájú ọ̀gá àgbà ni yóò máa wà. Èyí tí sájẹ́ńtì lè lò láìkọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni ni ọ̀rọ̀ wa.

Ìtàn Nàìjíríà pẹ̀lú drone jẹ́ ká rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ra ẹ̀rọ láìra àtúnṣe. Ní nǹkan bí 2006, ìjọba àpapọ̀ ra drone Aerostar lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Aeronautics ti Ísírẹ́lì kí wọ́n lè fi ṣọ́ omi Niger Delta. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2014, Boko Haram kó ọmọbìnrin 276 lọ ní ilé ẹ̀kọ́ Chibok. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, tí gbogbo ayé ń béèrè ohun tí a fi ń wá wọn, Reuters jábọ̀ pé àwọn Aerostar náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, àìtọ́jú ló sì fà á. Amẹ́ríkà ló wá kó nǹkan bí ọgọ́rin ọmọ ogun àti drone tirẹ̀ lọ sí Chad láti bá wa fojú wá ọmọ wa. Lóòótọ́, a ti gbìyànjú láti ṣe tiwa. Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí drone Gulma ní Kaduna ní oṣù kejìlá 2013. Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí Tsaigumi ní oṣù kejì 2018, èyí tí àwọn ọmọ ogun òfuurufú ṣe pẹ̀lú UAVision ti Portugal. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ra Wing Loong ti Ṣáínà àti Bayraktar ti Turkey. Ayẹyẹ ṣíṣí pọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì gé rìbọ́n fún ni ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ mọ́tò tó jó. Tsaigumi wúwo tó nǹkan bíi kílò 95, ó sì yẹ fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún, àmọ́ kò sí sójà tí yóò gbé e sẹ́yìn wọ igbó.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé àsọdùn ni mo ń sọ nípa bí nǹkan wọ̀nyí ti ń tán tó, kó wo Ukraine. RUSI, ilé ìwádìí ọ̀rọ̀ ogun tó wà ní London, kọ ọ́ ní oṣù kọkànlá 2022 pé ìfò mẹ́ta péré ni drone alábẹ̀bẹ̀ mẹ́rin ń fò ní ìpíndọ́gba níbẹ̀ kó tó ṣègbé. Èyí tó ní apá sì ń fò tó mẹ́fà. Ní oṣù karùn-ún 2023, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé Ukraine ń pàdánù nǹkan bí 10,000 lóṣù kan. Ogun tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, mo gbà. Ẹ̀rọ tí Russia fi ń dí rédíò lọ́wọ́ kò sí lọ́wọ́ àwọn agbésùnmọ̀mí igbó Sambisa. Ẹ fi nọ́ńbà náà sí ìdá mẹ́wàá, ẹ fi sí ìdá ọgọ́rùn-ún bó bá wù yín. Nígbà tó bá kù sí ọgọ́rùn-ún kan lóṣù, kò sí ìjọba tó lè máa fi ìwé ìbéèrè, ìpàdé ìgbìmọ̀ àti ìdúró oṣù mẹ́fà ní èbúté ra ohun tó ń tán lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún. Ohun tó gba Ukraine sílẹ̀ kì í ṣe owó àwọn òyìnbó nìkan. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké ló wà lẹ́yìn ojú ogun, nínú yàrá abẹ́ ilé àti nínú gáréèjì, tí wọ́n ń lẹ ẹ́, tí wọ́n ń so ó, tí wọ́n sì ń dá a padà sọ́dọ̀ sójà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àdá ò ṣeé fi ṣoko bí alágbẹ̀dẹ bá wà ní ìlú mìíràn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àdúgbò wa. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ya ilẹ̀ Ìkẹjà sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ nígbà tí òmìnira ń bọ̀, ilé iṣẹ́ sì wọ́ wá: Guinness sí Ògbà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Cadbury sí Agídíńgbì, Dunlop pẹ̀lú táyà rẹ̀, àwọn aláṣọ, àwọn alágolo, àwọn tó ń da rọ́bà. Dunlop dá ṣíṣe táyà dúró ní 2008. Ẹni tó bá gba Ọba Akran kọjá lónìí yóò rí ilé ẹ̀rọ tó ti di ṣọ́ọ̀ṣì, yóò sì rí èyí tó ti di ibi ìkẹ́rùsí fún ọjà tí ẹlòmíràn ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wo ìyẹn tí wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ti kú ní Ìkẹjà. N kò gbà. Ṣíṣe ńlá ló kú. Títún ṣe kò kú rárá, ó tilẹ̀ gbèrú. Òpópónà ilé gbígbé ni Òtígbà kí ó tó di Computer Village, ìjọba kọ́ ló sì sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn níbẹ̀ a máa fi blower yọ IC tí kò tó èékánná kúrò lórí páńẹ̀lì fóònù, a tò ó padà lábẹ́ ẹ̀rọ amúnǹkan-tóbi, a fi mítà wá ibi tí iná ti ń jò, gbogbo rẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan, nígbà tí oníbàárà dúró tì í. Ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà kò fún un ní ìwé ìtọ́sọ́nà. Ó tú u títí tó fi mọ̀ ọ́n. Ẹ má jẹ́ ká fojú kékeré wo ìmọ̀ yìí. Nínú drone alábẹ̀bẹ̀ mẹ́rin, ohun tó wà níbẹ̀ kò jìnnà sí ti fóònù: páńẹ̀lì, bátìrì lithium, kámẹ́rà, GPS, rédíò, tí wọ́n fi mọ́tò mẹ́rin àti ẹ̀rọ tó ń pín iná fún wọn kún un.

Kì í ṣe Òtígbà nìkan. Láti Orẹ́gùn dé Ògbà, àwọn tó ń da rọ́bà lè da abẹ̀bẹ̀ àti ẹsẹ̀ drone bí ẹnikẹ́ni bá fún wọn ní mó̩ọ̀dù tó péye. Láti Agége dé Ìjú, àwọn tó ń ṣe inverter ti kọ́ bí wọ́n ti ń to sẹ́ẹ̀lì lithium jọ, bí wọ́n ti ń wọn èyí tó ti rẹ̀ kúrò lára èyí tó ṣì le, àti bí wọ́n ti ń fi páńẹ̀lì kékeré ṣọ́ ọ kó má gbaná jẹ. Ebi iná mànàmáná ló kọ́ wọn, kì í ṣe yunifásítì. Government Technical College wà ní Agídíńgbì. Ilé àyẹ̀wò àjọ SON wà ní Ògbà. Ilé ìwádìí FIIRO kò jìnnà, Òṣòdì ni. Ohun tí kò sí ni okùn tí yóò so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà.

Àtakò àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbọ́ ni pé ìtàn lásán ni gbogbo èyí, torí Ṣáínà ló ni mọ́tò, Ṣáínà ló ni kámẹ́rà, Ṣáínà ló ni sẹ́ẹ̀lì bátìrì. Òótọ́ ni, a kò sì ní í ṣe chip ní Ìkẹjà láìpẹ́. Ewu tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré: ní oṣù kẹjọ 2017, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà dáwọ́ lílo DJI dúró nítorí wọn kò mọ ibi tí ìròyìn inú rẹ̀ ń lọ; bẹ́ẹ̀ náà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2023, Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé àṣẹ dí ọ̀nà àwọn drone kan àti ẹ̀yà ara wọn tó ń jáde kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tó ń bàjẹ́ jù. Abẹ̀bẹ̀ ló ń ṣẹ́ jù, lẹ́yìn rẹ̀ apá àti ẹsẹ̀, lẹ́yìn ìwọ̀nyẹn bátìrì àti wáyà. Ìwọ̀nyí ni a lè ṣe tàbí kí a tò níhìn-ín. Chip àti mọ́tò kì í wúwo. Àpótí díẹ̀ tí a bá kó pamọ́ lásìkò àlàáfíà lè gbé ni fún ọdún kan. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ náà kò sì dandan kó jẹ́ ti DJI: ArduPilot wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀, kó sì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ra odindi drone kò ní nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn bá tì. Ẹni tó bá ń ra ẹ̀yà ara, tó mọ̀ ọ́n tò, lè ra ti Ṣáínà lónìí kó sì ra ti Taiwan lọ́la.

Àwọn kan á ní, ṣé ní Ìkẹjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ Murtala Muhammed? Àtakò yìí lágbára, n kò sì ní í jà á níyàn. Ní oṣù kejìlá 2018, àwọn ènìyàn sọ pé àwọn rí drone ní pápákọ̀ Gatwick ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì dá nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ìrìn àjò ọkọ̀ òfuurufú rú nígbà tí ọdún Kérésìmesì ku díẹ̀. Àjọ NCAA tó ń bójú tó ìrìn òfuurufú ti kìlọ̀ láti 2016 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò ó láìgbàṣẹ lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ sí ìfò kankan láàárín Ìkẹjà sí Agége, bó ti wù kó kéré. Iṣẹ́ orí tábìlì ni tiwa. Mọ́tò ṣeé dán wò lórí ìdè, láìsí abẹ̀bẹ̀, nínú ilé. Ìdánwò ti òkè jẹ́ ti pápá àwọn ọmọ ogun, níbi tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ tó jìnnà sí ọ̀nà ọkọ̀ òfuurufú.

Àtakò tó wúwo jù fún mi ni ti Ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù kìíní 2002. Ọjọ́ náà ni ìṣúra ọta ogun bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀pọ̀ wọn kò sì kú nípa bọ́ǹbù: wọ́n sá, wọ́n já sínú omi odò tó wà ní Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Ará Ìkẹjà tó bá gbọ́ pé ẹnìkan tún fẹ́ kó ohun ìjà wọ àdúgbò lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé èyí tó ń wò ni mo ń sọ, kì í ṣe èyí tó ń pa. Kò gbọdọ̀ sí ẹ̀tù kan, kì í ṣe gíráàmù kan, ní ilé ìtúnṣe tó bá wà níhìn-ín, òfin ni kó sì sọ bẹ́ẹ̀, kó má ṣe jẹ́ ìlérí ẹnu. Bátìrì lithium fúnra rẹ̀ tó ohun à ń bẹ̀rù: bó bá gbaná, omi díẹ̀ kì í pa á. Ó yẹ kí wọ́n máa kó o sínú àpótí irin, nínú ilé tí kò ní ìyẹ̀wù ènìyàn lókè rẹ̀. Ìyẹn á lé ọ̀pọ̀ ilé àjà kúrò nínú iṣẹ́ náà, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Wọ́n á tún ní, bí ẹ bá kọ́ ọmọ Òtígbà láti tún drone ogun ṣe, ṣé kò ní tún ti ọ̀tá ṣe? Ọ̀tá kò dúró dè wá. Ní oṣù kejìlá 2024, àwọn agbésùnmọ̀mí ISWAP fi drone tó gbé gùrùnéètì kọlu ibùdó ọmọ ogun ní Wajiroko ní Borno. Láti ọjà ni wọ́n ti ń rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bí ISIS ti rí i ní Mosul ṣáájú wọn. Kò sí bí a ti lè fi àìmọ̀ dá ohun tó wà ní ọjà gbogbo ayé dúró. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí ẹni tó mọṣẹ́ ní orúkọ nínú ìwé, kó ní owó tó tọ́ níbẹ̀, kí gbogbo ẹ̀rọ tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá sì ní nọ́ńbà. Oníṣẹ́ tí ìjọba kò mọ̀, tí kò sì sanwó fún, ni ẹni tí ó rọrùn jù fún ọ̀tá láti rà.

Mo ní màá padà sọ́dọ̀ Piazza àti Gavotti. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá 2023, drone àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ wa pa àwọn ènìyàn tó ń ṣọdún Mọ́lúdì ní Tudun Biri, ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Àjọ NEMA ka òkú 85. Àwọn mìíràn ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàyé àwọn ọmọ ogun ni pé wọ́n rí ìkórajọ, wọ́n sì ṣi í túmọ̀ sí ti àwọn ajínigbé. Kámẹ́rà kò purọ́. Ó rí ènìyàn, ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ẹni tó wà níwájú tẹlifíṣọ̀n ni kò mọ ohun tó ń wò. Àwọn kan fi èyí sọ pé kí a yéé ra ojú òfuurufú. Èmi rí i bí ìdí láti gbé ojú náà súnmọ́ ilẹ̀. Ẹni tó ń wò láti òkè réré, láti ibi jíjìn, rí àmì dúdú tó ń rìn. Sójà tó ti lo oṣù kan ní abúlé, tí drone rẹ̀ wà ní ọgọ́rùn-ún mítà sókè, lè rí abọ́ oúnjẹ àti ọmọdé, ó sì lè rán ẹnìkan tó gbọ́ èdè ibẹ̀ lọ béèrè. N kò ṣèlérí pé yóò béèrè. Ẹ̀rọ kékeré kò ní sọ ẹni tí kò bìkítà di ẹni tó bìkítà. Àṣẹ àti ìjìyà ló ń ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ní àyè láti mọ̀, èyí tí ẹ̀rọ tó fi wíwò àti pípa sábẹ́ bọ́tìnnì kan náà kì í fún ni dáadáa. Ìdí mìíràn nìyí tí mo fi fẹ́ kí èyí tó ń wò máà gbé ohun ìjà kankan.

Ti pé wọ́n lè yí ojú yìí sí àwa aráàlú náà, mo gbọ́. Ẹni tó bá rántí ìwọ́de EndSARS ti oṣù kẹwàá 2020 ní Alausa àti ní Lẹ́kkí kò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí wọ́n ṣe ní 2023 fi ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ààbò orílẹ̀-èdè sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, àléébù gidi sì ni. Ilé ìtúnṣe tó ń kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ àti iye wákàtí tó ti fò sílẹ̀ kò lè tún òfin ṣe, àmọ́ ó ń fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀ níta bárékè, níbi tí adájọ́ lè béèrè rẹ̀.

Ìbéèrè tó kù ni ti ẹni tí yóò sanwó, àti bó ti yẹ kó san án. DICON, ilé iṣẹ́ ohun ìjà ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kaduna ní 1964, ló ń dá iṣẹ́ ohun ìjà ṣe tẹ́lẹ̀. Òfin tuntun tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní ìparí 2023 ti ṣí ilẹ̀kùn fún ilé iṣẹ́ aládàáni. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń to drone jọ ní Àbújá. Terra Industries, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2024, wà lára wọn. Kò sí ìdí tí Ìkẹjà fi ní láti bá wọn du ṣíṣe tuntun, pàápàá pẹ̀lú iye tí iná ń gbà: ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, àwọn tó ń rí iná jù, lọ sí nǹkan bí 225 náírà fún yúnìtì kan. Àtúnṣe kì í jẹ iná bí ẹ̀rọ ńlá. Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù ni bí ìwé àdéhùn yóò ti rí. Bí àwọn ọmọ ogun bá sanwó fún iye drone tí wọ́n gbà, ẹni tó ń tà yóò fẹ́ kó tètè bàjẹ́, ẹni tó ń rà yóò sì fẹ́ ayẹyẹ ṣíṣí. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n máa san owó fún ni wákàtí tí ẹ̀rọ fi wà lókè lójú iṣẹ́. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan tó wà ní Borno fi àwọn tó bàjẹ́ ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ òfuurufú ẹrù tó ti ń lọ tó ń bọ̀ láti ibùdó ọmọ ogun òfuurufú Ìkẹjà. Kí ilé ìtúnṣe dá wọn padà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Kí wọ́n má san kọ́bọ̀ lórí èyí tó bá já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nítorí àléébù kan náà. Kí ẹni tó tún un ṣe kọ orúkọ rẹ̀ sí inú ẹ̀rọ náà. Kí sójà tó lò ó sì ní fọ́ọ̀mù kan tí yóò kọ ohun tó bàjẹ́ sí, ní èdè tó bá gbọ́ jù, torí ọmọ Òtígbà tó ń kà á nílò láti mọ̀ bóyá eruku ni, bóyá oòrùn ni, tàbí bóyá ẹnìkan ló yìnbọn fún un.